Òrùlé ń jò, agbaṣẹ́ṣe ti gbowó lọ: Bí onílé ṣe ń gba owó gbà-má-bìínú ní Maryland

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe bá ti gba owó rẹ̀ tán ló máa ń tú àṣírí iṣẹ́ tó ṣe. Bí òrùlé bá dára, onílé yóò sùn, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òjò rọ̀. Bí kò bá dára, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti bàsíà ni yóò máa gbé kalẹ̀ káàkiri pálọ̀ lóru, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà fóònù ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Fóònù yóò dún títí, kò sí ẹni tí yóò gbé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkó àti Ìbàdàn nìkan. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Bowie, Lanham, Hyattsville àti Laurel, ní ìpínlẹ̀ Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mọ̀ ọ́n dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kí wọ́n tó rí owó ra ilé, ilé náà kì í sì í sábà jẹ́ tuntun. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òrùlé yóò fẹ́ pípààrọ̀, ilé ìdáná yóò fẹ́ àtúnṣe, omi yóò máa wọ yàrá abẹ́ ilé. Ibẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe ti ń wọlé, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ ni pé ìpínlẹ̀ Maryland ní àpò owó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí agbaṣẹ́ṣe bá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tó ṣe é lábọ̀, tàbí tó gbowó sá lọ láì ṣe é parí. Guaranty Fund ni wọ́n ń pe àpò náà. Àjọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maryland Home Improvement Commission, tí wọ́n ń gé kúrú sí MHIC, ló ń bójú tó o. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n mọ̀ pé àpò yìí wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra wọn lójú, nítorí ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́.

Kì í ṣe owó orí aráàlú ni wọ́n ń kó sínú àpò yìí. Àwọn agbaṣẹ́ṣe fúnra wọn ló ń dá a. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì láti máa tún ilé ṣe ní Maryland gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ sínú rẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń dá owó sínú àpò ẹgbẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣiṣẹ́ rere wà lára àwọn tó ń san gbèsè ẹni tó ń ṣe màgòmágó. Ó lè dàbí ìrẹ́jẹ létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Láísẹ́ǹsì náà ni agbaṣẹ́ṣe rere fi ń wá oníbàárà. Bí aráàlú kò bá fọkàn tán láísẹ́ǹsì mọ́, ebi yóò pa ẹni rere pọ̀ mọ́ ẹni burúkú.

Títí di ọdún 2022, 20,000 dọ́là ni owó tó pọ̀ jù tí onílé kan lè gbà nínú àpò náà lórí ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di 30,000 dọ́là, àwọn tó ti kọ̀wé wọn ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí wọn kò tíì parí ẹjọ́ wọn, sì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Owó náà kì í ṣe kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ba gbogbo ilé ìdáná rẹ̀ jẹ́ lè sọ pé kò tó òun. Àmọ́ kì í ṣe pé onílé yóò kàn débẹ̀, kí ó ní inú ń bí òun, kí wọ́n sì ka 30,000 dọ́là fún un. Ìṣirò wà níbẹ̀.

Ká mú un pé onílé kan àti agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí ìwé pé 24,000 dọ́là ni wọn yóò fi tún ilé ìdáná ṣe. Onílé ti san 20,000. Agbaṣẹ́ṣe fọ́ ògiri, ó to kọ́bọ́ọ̀dù tí kò gún régé, táìlì tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ń ṣí, omi ń jò lábẹ́ síǹkì, bẹ́ẹ̀ ni kò padà wá mọ́. Agbaṣẹ́ṣe mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì wá wò ó, ó ní 15,000 dọ́là ni òun yóò gbà láti tú èyí tó bàjẹ́ kúrò, kí òun sì parí iṣẹ́ náà. Àjọ yóò ro 20,000 tí onílé ti san pọ̀ mọ́ 15,000 tí yóò san, ó di 35,000. Wọn yóò wá yọ 24,000 tí wọ́n jọ ṣàdéhùn rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó ku 11,000 dọ́là. Iye yẹn ni àdánù onílé lójú òfin, òun sì ni àpò náà yóò san.

Inú máa ń bí àwọn ènìyàn sí ìṣirò yìí. Wọ́n á ní 20,000 làwọn san, 20,000 làwọn fẹ́ gbà padà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ rò ó, ó bọ́gbọ́n mu. Onílé ti gbà látìbẹ̀rẹ̀ pé òun yóò ná 24,000 kí òun tó ní ilé ìdáná tó dára. Bí àpò náà bá san 11,000, 24,000 náà ló máa ti ọwọ́ rẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn, ilé ìdáná rẹ̀ yóò sì pé. Bó bá jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe kò fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá, gbogbo owó tí onílé san ni wọn yóò kà sí àdánù. Bó bá sì ṣe díẹ̀, tí onílé kò fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn parí, wọn yóò yọ iye tí iṣẹ́ àti èèlò tó rí gbà tó kúrò nínú ohun tó san. Àjọ náà tún lágbára láti yí ìṣirò yìí padà díẹ̀, bí wọ́n bá rí i pé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ kéré jù tàbí pọ̀ jù lọ́nà tí kò bójú mu.

Àwọn nǹkan kan wà tí àpò yìí kì í san. Kì í san owó lọ́yà. Kì í san owó òtẹ́ẹ̀lì tí onílé sùn nígbà tí ilé kò ṣeé gbé, kì í san owó kápẹ́ẹ̀tì àti àga tí òjò rin gbindin, kì í sì í san owó fún ẹ̀dùn ọkàn tàbí fún ẹni tó ṣubú tó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Owó tí ènìyàn yóò gbà kò sì gbọ́dọ̀ ju èyí tó san fún agbaṣẹ́ṣe náà lọ. Fún ìdí èyí, ẹni tó san 6,000 dọ́là péré fún iṣẹ́ tó wá ba nǹkan 25,000 dọ́là jẹ́, 6,000 náà ló lè retí níbẹ̀. Bó bá fẹ́ èyí tó kù, ilé ẹjọ́ ni yóò gbà lọ.

Gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, kò kan ẹni tó gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe tí kò ní láísẹ́ǹsì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn ọmọ wa jù.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń wá oníṣẹ́ lókè òkun kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa ń béèrè, tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, tàbí nínú WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹnìkan yóò ní: "Ẹ pe bọ̀dá báyìí báyìí. Ọmọ wa ni, ó mọṣẹ́, kò sì ní gba iye tí òyìnbó máa gbà lọ́wọ́ yín." Ọkùnrin náà yóò dé tòun ti téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, yóò dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, yóò kí ìyá ní Mọ́mì, wọn yóò fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé, yóò rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ìwé kẹ̀? Ṣé a ò mọ ara wa ni?" Ojú á sì ti onílé láti tún béèrè. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń hùwà bí òyìnbó sí ọmọ ìlú òun? Owó yóò gba Zelle lọ, tàbí kí wọ́n kà á lówó lójú ẹsẹ̀, láìsí rìsíìtì.

Kò sí ohun tó burú nínú kí a gbé iṣẹ́ fún ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ní láísẹ́ǹsì ní Maryland, tí iṣẹ́ wọn sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àpò owó náà kò mọ ọmọ wa yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ló mọ̀. Òfin ní kí nọ́ńbà náà wà nínú ìwé àdéhùn, ẹnikẹ́ni sì lè wádìí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àjọ náà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù. Ọdún méjì-méjì ni láísẹ́ǹsì ń lò kí wọ́n tó tún un gbà, nítorí náà èyí tó ṣiṣẹ́ nígbà tí aládùúgbò ṣe òrùlé rẹ̀ lè ti kú báyìí. Orúkọ tó wà lórí láísẹ́ǹsì náà yẹ kí ó bá ti inú ìwé àdéhùn mu pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú irọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Maryland pé kí ènìyàn máa tún ilé onílé ṣe láìní láísẹ́ǹsì, ó sì lè gbé ẹni náà dé ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n kò di òrùlé tó ń jò. Onílé tó gbé iṣẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pè é lẹ́jọ́, ó lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a láre, ọwọ́ ọkùnrin yẹn náà ni yóò ti gba owó rẹ̀, bí ó bá ní owó.

Ìdè mìíràn tún wà tí ó kan àwa Yorùbá gan-an, tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Bí agbaṣẹ́ṣe bá jẹ́ ọkọ, aya tàbí ìbátan tímọ́tímọ́ onílé, àpò náà kò ní san nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí alábàáṣe agbaṣẹ́ṣe náà. Ọ̀rọ̀ pé "ẹ̀gbọ́n mi ni" ní ìtumọ̀ púpọ̀ lẹ́nu wa, tí a fi ń pe ẹni tí a jọ ti ìlú kan náà wá. Níwájú adájọ́, ó yẹ kí onílé ṣàlàyé irú ẹ̀gbọ́n tó jẹ́. Ní ti àwọn tó ń ra ilé jọ láti fi gbówó, ẹni tó bá ní ju ilé mẹ́ta lọ kò lè gba owó lórí èyí tí kò gbé inú rẹ̀.

Òfin náà tún dá sí bí wọ́n ṣe ń sanwó. Agbaṣẹ́ṣe kò gbọ́dọ̀ gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye iṣẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Nínú àpẹẹrẹ 24,000 dọ́là tí a mú lókè, 8,000 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ìdajì kí òun lè ra èèlò ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ náà ńkọ́? Onílé yóò kọ́kọ́ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ MHIC. Àjọ yóò fi ẹ̀sùn náà han agbaṣẹ́ṣe kí òun náà lè fèsì. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, onílé yóò kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ àpò náà, ẹjọ́ sì lè dé iwájú adájọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ènìyàn ní lọ́yà. Ṣùgbọ́n kí onílé má rò pé gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló wà lẹ́yìn òun. Agbaṣẹ́ṣe lè wà níbẹ̀, lọ́yà tó ń ṣojú àpò owó náà yóò sì wà níbẹ̀ láti rí i pé wọn kò san owó tí kò yẹ. Onílé ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀: ìwé àdéhùn, sọwédowó tàbí ìwé báǹkì tó fi sanwó, fọ́tò iṣẹ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tó sì máa ń wúlò jù ni ìwé agbaṣẹ́ṣe mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì, tó sọ ohun tí kò dára níbẹ̀ ní kíkún àti iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò ná. Kí onílé sọ pé òrùlé náà kò wu òun kò tó. Adájọ́ fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe yàtọ̀ sí ohun tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò ṣe.

Lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́, adájọ́ yóò kọ ohun tó rò pé ó tọ́ ránṣẹ́ sí àjọ náà, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sì ní 20 ọjọ́ láti kọ̀wé ta ko àbá tí àjọ bá gbé jáde. Ọdún mẹ́ta ni onílé ní láti béèrè owó yìí, láti ọjọ́ tó ti rí àdánù náà tàbí tó yẹ kí ó ti rí i. Ọ̀pọ̀ ló ti fi àkókò yẹn bẹ agbaṣẹ́ṣe, tí wọ́n ń gba "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìlú, títí ọdún fi ń lọ.

Ìbínú náà lè ba ẹjọ́ jẹ́. Òfin sọ pé bí agbaṣẹ́ṣe bá fi òótọ́ inú gbìyànjú láti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí onílé sì kọ̀ láìnídìí tó bójú mu, àjọ náà lè kọ̀ láti san owó fún un. Gbólóhùn bíi "Má tún fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́ láéláé" rọrùn láti sọ nígbà tí omi bá ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì lè ná ènìyàn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Èyí kò sọ pé onílé gbọ́dọ̀ máa gba agbaṣẹ́ṣe wọlé títí ayé. Ẹni tó ti wá tún un ṣe nígbà mẹ́ta, tí ó ń bà á jẹ́ sí i, onílé nídìí láti kọ̀ fún un nígbà kẹrin. Kí ó kọ ìdí náà sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí i.

Lẹ́yìn tí àpò náà bá sanwó fún onílé, agbaṣẹ́ṣe ti di onígbèsè ìjọba. Wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ títí yóò fi dá gbogbo owó náà padà, pẹ̀lú èlé tí kò gbọ́dọ̀ dín sí 10 nínú 100 lọ́dọọdún. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kan tí kò gbé fóònù fún oṣù mẹ́fà yára gbé e nígbà tí ìwé àjọ bá dé.

Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló rí báyìí. Ní Virginia, tí odò Potomac nìkan là láàárín òun àti Maryland, àpò irú èyí wà, Contractor Transaction Recovery Fund ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jàre nílé ẹjọ́. Kò sì tó kí adájọ́ sọ pé agbaṣẹ́ṣe yẹ àdéhùn. Ìdájọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó lu jìbìtì tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ kọjá àlà. Ní Texas, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní Houston, ìjọba ìpínlẹ̀ kì í fún agbaṣẹ́ṣe gbogboogbò tó ń tún ilé ṣe ní láísẹ́ǹsì rárá, yàtọ̀ sí àwọn bíi oníṣẹ́ iná mànàmáná àti púlọ́ńbà. Níbi tí kò ti sí láísẹ́ǹsì, ta ni yóò dá owó sínú àpò?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé Maryland yìí kan náà ló ń fi owó ránṣẹ́ wálé láti kọ́ ilé sí Ìkòròdú, Mọ̀wé tàbí Ìbàdàn. Nílé níbí, ẹni tí bíríkìlà tàbí agbaṣẹ́ṣe bá jẹ gbèsè ní Èkó lè lọ sí Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké náà ti wà, fún owó tó ṣeé kà ní pàtó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, wọ́n sì ń lépa láti parí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan láàárín 60 ọjọ́. Kí ènìyàn tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Bí adájọ́ bá sì dá a láre, àpò agbaṣẹ́ṣe náà fúnra rẹ̀ ni owó yóò ti jáde, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì lè rí ọkùnrin náà.